Kẹ̀kẹ́ Tí Kì Í Kúrò Lójú Kan

Ta ló ní kí ẹni tó ń sinmi máa tijú? Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ ọdún 46 ni mí, iṣẹ́ ìwé ìròyìn sì ti fún mi ní ikùn. Ni mo bá wọ ilé eré ìdárayá kan ní Sùúrùlérè, níbi tí wọ́n ti ń wa kẹ̀kẹ́ lójú kan. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ wa kò bi mí bóyá mo gun irú rẹ̀ rí. Ariwo ló ń pa: "Dádì, ẹ yí kinní yẹn kó le sí i! Kò sí ìsinmi níbí o!" Àwọn ọmọge iwájú bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo yí i. Àgbà mà ya òmùgọ̀!

Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí ní irin róbótó wíwúwo tí ń fa ẹsẹ̀ lọ. Kì í ṣe Raleigh tí bàbá mi ń gùn lọ sóko, tó lè dá ẹsẹ̀ dúró kí kẹ̀kẹ́ máa yọ́ lọ. Bí ẹni tí ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n bá fi tipá ṣe é, iṣan itan lè bàjẹ́, kí ìdọ̀tí rẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ìtọ̀ á dúdú bíi Kóòkù, kíndìnrín sì lè daṣẹ́ sílẹ̀. Rhabdomyolysis ni àwọn dókítà ń pè é, wọ́n sì ti rí i lára àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan péré.

Ẹ̀yin olùkọ́, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ bi àlejò léèrè kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú 20, ẹ fún un lómi. Owó rẹ̀ ló san.

N ó padà lọ ní Sátidé. Ẹ̀yìn pátápátá ni n ó wà; ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in.