Èmi Ni Wèrè, Ẹ̀yin Ńkọ́?

Láti ìgbà tí mo ti ti Ghana dé lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde ni etí mi kò ti sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ní mo ti ya wèrè. Ìyá ìjọ wa ní ẹ̀mí kan ló ń tì mí, àfi kí n wá gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Màámi tilẹ̀ sunkún. Màámi ò jẹ̀bi lójú tèmi. Kumasi ni wọ́n ti ń ta aṣọ ní 1969 nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ tí wọ́n ti lé wa, ibẹ̀ lo tún padà lọ, tí o lọ ń bẹ́ láti orí òkè?" Ti Màámi yé mi. Ti àwọn yòókù ni n ò lè gbé mì.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe ná. Ọlọ́jà paraku ni àwọn ará Kwahu. Accra kún fún wọn. Bí Ìjẹ̀bú ṣe ń wọ́ wálé Ojúde Ọba ni àwọn náà ṣe ń wọ́ wálé ní Ọdún Àjíǹde. Láti 2005 ni ìjọba wọn ti fi nǹkan kan kún fàájì yẹn: lórí òkè Odweanoma ní Atibie, wọ́n ń pe àwọn tó mọ̀ ọ́n láti òkè òkun kí wọ́n wá máa gbé èrò fò. Paragliding ni òyìnbó ń pè é. Kò ní ẹ́ńjìnnì rárá. Aṣọ náílọ́ọ̀nù fẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, gbọọrọ, alápò-lápò. Atẹ́gùn á gba ẹnu àpò wọlé, á wú u, á di ìyẹ́. Okùn tín-ín-rín ló so ó mọ́ ìjókòó tí wọ́n dì mọ́ ọ lára, ìwọ níwájú, páílọ́ọ̀tì lẹ́yìn rẹ, bí ìgbà tí bàbá gbé ọmọ síwájú lórí kẹ̀kẹ́.

Ìwòran ni mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ o. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Aago mẹ́sàn-án la dé orí òkè, a ò sì fò. Páílọ́ọ̀tì mi, òyìnbó kan tí oòrùn ti jó, ń wo aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so mọ́ orí òpó láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń lọ, ó ń mi orí. Ẹ̀yìn wa ni atẹ́gùn ti ń fẹ́. Iwájú ló yẹ kó ti máa wá pàdé wa. Aago mẹ́wàá, ó ní rárá. Ọkùnrin kan tó ń kánjú padà sí Accra yọ owó lé owó pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní kó fi owó rẹ̀ sápò. Aago mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó ní ó yá. Ó dé mi ní àṣíborí, ó fọwọ́ kan ìdè kọ̀ọ̀kan, ti àyà, ti itan méjèèjì, ó tún padà kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi aṣọ kejì tó wà ní kíká nínú àpò hàn mí, èyí tí yóò ṣí bí àkọ́kọ́ bá kọ̀. Ó ní kí n sáré, kí n má jókòó, kí n má dúró.

Mo sáré. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ mi fi ń sáré lórí òfo. Mo pariwo Jésù, mo pe orúkọ Màámi. Lẹ́yìn náà, ibi gbogbo pa lọ́lọ́. Páànù ilé àwọn ará Nkawkaw wà nísàlẹ̀, ọ̀nà Kumasi náà wà níbẹ̀, ọ̀nà tí Màámi gbé ẹrù gbà ní 1969, tí lọ́rí ń rìn lórí rẹ̀ bí ìjàlọ. Mo sunkún díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù.

N ò ní purọ́ fún yín pé kò léwu. Ó ń pa ènìyàn. Bí atẹ́gùn bá dàrú, aṣọ yẹn lè ká lójijì. Wọ́n fún mi ní ìwé pé bí nǹkan bá ṣe mí, ọrùn mi ló wà, mo sì kà á tán kí n tó bu ọwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá mi jà nítorí ewu, kó jọ̀ọ́, kó dárúkọ ewu kan tí òun ti kọ̀ rí. Awakọ̀ dánfó wo ló wo táyà tó ti dán bí orí apárí, tó ní ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ gba owó yín, n ò gbéra lónìí? Èrò wo ló bi í? Lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, bí awakọ̀ bá rọra ń lọ, àwa èrò la ó máa bú u pé ṣé òkú ló gbé ni.

Ní 2011, àbúrò mi ọkùnrin jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà ní Ìwó Road. Àṣíborí kan wà níbẹ̀ o, ara ọ̀kadà ni wọ́n fi kọ́ nítorí Road Safety. Orí ló fi gbálẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn tó ń pè mí ní wèrè wọ̀nyí gan-an ló dìde lọ́kọ̀ọ̀kan níbi ìsìnkú, tí wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Wọn ò ní ẹ̀mí kan ló tì í. Àbí ẹ ti gbàgbé oṣù kìn-ín-ní 2009, tí Road Safety ní dandan ni àṣíborí fún gbogbo ọlọ́kadà? A sọ ọ́ di àwàdà. Àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà. Èrò ní àwọn ò lè dé e, pé oògùn wà nínú rẹ̀, ó ń sọ ènìyàn di owó. A rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà bá wọn rín in.

Wọ́n tún ní òyìnbó tí ayé ti sú ló ń ṣe irú èyí. Irọ́ ni. Ní 1978, ní Mieussy ní ilẹ̀ Faransé, àwọn mẹ́ta tó ń fi párásúùtì bẹ́ láti inú bàálù ni wọ́n ń wá bí wọn ò ṣe ní máa sanwó bàálù mọ́. Wọ́n bá gun òkè, wọ́n sáré láti ibẹ̀. Aṣọ́wóná ni wọ́n, kì í ṣe ẹni tí ayé sú. Ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun nítòsí òkè Atibie ò sì bi mí bóyá ti òyìnbó ni. Ó gba owó, ó fún mi ní ẹ̀pà lé e.

Sátidé tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi pe ìpàdé ẹbí lé mi lórí. Wọ́n ní abiyamọ ni mí, pé ta ni mo fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ fún. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, sà. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí wọ́n ń lọ, mọ́tò wọn wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n bá na ọwọ́ sí ọ̀kadà. Mo sáré wọlé, mo mú àṣíborí tí mo rà lẹ́yìn ikú àbúrò wa, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n ní yóò ba fìlà àwọn jẹ́.