Ajá tó relé ẹkùn tó bọ̀

Ajá tó relé ẹkùn tó bọ̀, àwọn àgbà ní ká kí i kú ewu. Bẹ́ẹ̀ gan-an la kí aládùúgbò mi kan nígbà tí ajá rẹ̀ ti orí tábìlì iṣẹ́ abẹ délé. Kókó kan ló bẹ́ lára ọlọ inú ẹran náà, ni dókítà ẹranko bá yọ ọlọ ọ̀hún kúrò pátápátá. Ọgbẹ́ jinná, ajá ń gbó, onílé ń yọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin, eégbọn pa á.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀bẹ kọ́ ló pa ajá yìí; àìmọ̀ ni. Apá òsì ni ọlọ inú wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpòlúkù. Ó wà lára àwọn tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tó ń mú kòkòrò kúrò nínú rẹ̀. Ajá lè wà láàyè láìsí i, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti di ilé tí ọdẹ rẹ̀ ti lọ. Eégbọn ilẹ̀ wa a sì máa gbé kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Babesia wọnú ẹ̀jẹ̀ ajá.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kó sáré, kó fò tàbí kó gun àtẹ̀gùn. Bó bá fẹ́ tọ̀, ẹ fi okùn mú un jáde. Ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó lá ojú abẹ. Láàárín ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n sábà ń tú òwú tí wọ́n fi rán an. Ẹ máa ṣí ètè rẹ̀ wò: bí èrìgì bá funfun, bí ikùn bá wú, bí ó bá ṣubú lulẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ má fún un ní parasitámọ̀ tàbí ibuprofen. Oògùn ènìyàn wọ̀nyí lè pa ajá.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tí kì í tán. Ẹ máa wo inú etí, abíyá àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa lo oògùn eégbọn bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí kò jẹun, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n tàbí dúdú, ẹ gbé e lọ kíá. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ yín fún dókítà ni pé ajá yìí kò ní ọlọ inú mọ́.

Ó dára ká kí ajá kú ewu. Ẹ jẹ́ ká máa bá a wo etí rẹ̀ pẹ̀lú.