Líǹkì Tí A Fowó Rà, Ẹ̀rí Èké Ni

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Àwọn kan nínú wa ti ń ta líǹkì lórí ojú-òpó ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn fáwọn oníṣòwò. Wọ́n ní kò sóhun tó burú níbẹ̀. Irọ́ ni!

Nígbà tí Larry Page àti Sergey Brin dá Google sílẹ̀ lọ́dún 1998, ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ni pé ojú-òpó tó bá fi líǹkì tọ́ka sí òmíràn ń jẹ́rìí fún un ni. Ẹ̀rí ẹni tó níyì ló sì wúwo jù. Ta ni yóò gba ẹ̀rí tí a fowó rà gbọ́?

Ilé ìtajà Overstock ní Amẹ́ríkà dán an wò. Ó ń dín owó ọjà fáwọn ọmọ yunifásítì àti olùkọ́, kí wọ́n lè fi líǹkì rẹ̀ sí ojú-òpó ilé ìwé wọn. Lóṣù kejì ọdún 2011, Google tì í sẹ́yìn. Lọ́dún 2012, Google gbé Penguin jáde láti máa mú irú wọn.

Ẹ ó ní ibi tí èrò bá pọ̀ sí, ẹni tí kò ra líǹkì kò ní hàn. Ṣé ẹ ń ta àdìrẹ? Ẹ kọ àlàyé tó yè kooro lórí bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ tí aró rẹ̀ kò fi ní ṣí. Oníròyìn àti olùkọ́ tó bá wúlò fún yóò tọ́ka sí i láìgba kọ́bọ̀. Ìyẹn ni líǹkì gidi, ó kàn ń fẹ́ sùúrù ni.

Orúkọ ilé ìwé wa kì í ṣe ọjà. Ẹ má tà á mọ́.