Kí Ọdẹ Ṣíwájú, Kí Àlejò Tó Dé Ọ̀yọ́-Ilé

Ní ọjọ́ kan tí mo jókòó ti àtẹ oníṣẹ́ igbá fínfín ní Ọjà Akẹ̀sán, níwájú ààfin Aláàfin gan-an, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní erékùṣù Sáípúrọ́ọ̀sì láàrin Òkun Mẹditaréníà, fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Lefkara, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Troodos, ni ó lọ wò: ọ̀nà tóóró tí a fi òkúta tẹ́, ilé olókùúta, àti àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ dárà sára aṣọ funfun, irú èyí tí àwa ì bá pè ní léèsì. Àjọ UNESCO kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́ ogún àjogúnbá aráyé ní ọdún 2009, àwọn èrò sì ń ti òkèèrè wá wò wọ́n.

“Bàbá, ẹ wo bí wọ́n ṣe tọ́jú ohun àtijọ́ wọn,” ni ó wí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bi í bóyá ó ti dé Ọ̀yọ́-Ilé rí, ìlú àtijọ́ tí àwọn bàbá wa ti ṣí wá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni yóò mú mi débẹ̀?”

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn kò ti kúrò lọ́kàn mi.

Bàbá oníṣẹ́ igbá kò gbójú sókè ní gbogbo àkókò yìí. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì di igbá mú, ọ̀bẹ kékeré ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èèpo ń bọ́ sílẹ̀, funfun abẹ́ rẹ̀ sì ń yọ, títí alángbá kan fi jáde lára igbá láti orí dé ìrù, láìjẹ́ pé ó fi ohunkóhun sàmì sí i tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ṣe Lefkara ni, àlejò ì bá dúró, ì bá wò ó, ì bá sì sanwó. Ní Akẹ̀sán, alátà àti oníṣu ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta kọjá. Bẹ́ẹ̀ ọjà náà kì í ṣe ọjà àná. Láti Ọ̀yọ́-Ilé ni orúkọ rẹ̀ ti wá, nítorí Akẹ̀sán ni ọjà ọba níbẹ̀, nígbà tí Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà ní ìparí àwọn ọdún 1830, tòun ti orúkọ ọjà ni wọ́n kó wá. Ìyá ààfin kan tí à ń pè ní Ẹni-Ọjà ni ó ń ṣe àkóso rẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹ̀wù ọkùnrin ni ó ń wọ̀, apá rẹ̀ sì ni Aláàfin, Ikú Bàbá Yèyé, ń fara tì lọ́jọ́ tí ó bá ń lọ bọ ọjà. Iná jó ọjà yìí ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ tún un kọ́, àwọn ìyá wa sì padà sídìí àtẹ. Ẹni tí ó bá dúró ní Akẹ̀sán, ẹnu ọ̀nà Ọ̀yọ́-Ilé ni ó dúró sí, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ohun tí ó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọgbà-igbó Ọ̀yọ́-Ilé, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, tí ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà nínú ìlú Ọ̀yọ́ níhìn-ín, fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú-lóòró, èyí tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo Sáípúrọ́ọ̀sì lọ. Odò Ògùn ń ṣàn nínú rẹ̀. Ẹfọ̀n, ìgalà àti ọ̀bọ ń gbé ibẹ̀. Àwókù odi àti àpáàdì ìkòkò àwọn ìyá ńlá wa sì wà nílẹ̀ ní ibi tí òyìnbó Clapperton bá Aláàfin lórí ìtẹ́ ní ọdún 1826. Ẹni tí ó bá kọrí sí apá Ìsẹ́yìn yóò bá Àdó-Àwáyè, níbi tí adágún Ìyàkẹ̀ gbé jókòó sórí àpáta bí omi inú àwo, tí òkúta Ìṣàgé sì dúró lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ tí kò ṣubú. Mo gun òkè náà nígbà tí eékún mi ṣì gbà mí láyè, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì lé ní 300. Nígbà tí mo dé etí omi náà, n kò lè sọ̀rọ̀.

Kí ló wá dé tí ẹsẹ̀ fi dá níbẹ̀? Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe olùṣọ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́ yìí kí ó tó kú, kọ ìtàn kan sílẹ̀ tí mo máa ń rántí. Lẹ́yìn tí àwọn Tápà ti lé àwọn bàbá wa kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, tí wọ́n sì ti di ará Ìgbòho, Aláàfin Abípa ní òun ń padà sí ilé bàbá òun. Àwọn ìjòyè tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n sì ti dáko, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rán abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá àti arọ lọ sórí Òkè Àjàká ní Ọ̀yọ́-Ilé níkọ̀kọ̀, kí wọ́n máa tan iná kiri lóru, kí wọ́n sì máa ké bí iwin pé kò sí àyè, kò sí àyè. Ẹni tí ó gbọ́ ọ sá. Ṣùgbọ́n Abípa kò sá, kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọdẹ mẹ́fà ni ó rán lọ, wọ́n sì mú àwọn iwin náà wá láàyè. Nígbà tí ó di ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Jàkúta, tí àwọn ìjòyè péjọ láti jẹ, láti mu, ọba gbé igbá ọtí fún olúkúlùkù wọn, ọwọ́ iwin tí oníkálukú rán ni ó sì fi rán an sí i. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe ọba yìí ní Mọ́rọ̀, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin.

Iwin ti òní kì í ṣe iwin ẹ̀tàn, ìbọn ni wọ́n gbé dání. Ajínigbé ti sọ ọ̀pọ̀ igbó ilẹ̀ wa di ibi tí ìyá kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu nítorí àwókù odi. Èyí gan-an ni mo fi ń sọ pé iṣẹ́ ọdẹ ni kí a kọ́kọ́ ṣe, kí a tó sọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì àti pátákó ìpolówó. Ìjọba àpapọ̀ tí ó ni ọgbà àti ìjọba ìpínlẹ̀ tí ó ni ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, kí wọ́n jọ gba àwọn ọdẹ ìletò tí ó yí igbó náà ká síṣẹ́, láti ìhà Ìkòyí tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbà lọ títí dé Ìgbẹ́tì àti Sẹ̀pẹ̀tẹ́rí, kí wọ́n máa san owó oṣù gidi fún wọn. Àwọn kan náà ni kí ó máa mú èrò kiri, nítorí àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Lẹ́yìn náà ni kí a tún ọ̀nà ṣe, kí a sì ya ìsọ̀ kan sọ́tọ̀ ní Akẹ̀sán, níbi tí àlejò yóò ti rí ẹni mú un lọ, tí yóò ti jẹ àmàlà kí ó tó gbéra, tí yóò sì ra igbá nígbà tí ó bá padà dé.

Àwọn àgbà kan ń bẹ̀rù pé ẹsẹ̀ àlejò yóò ba ibi ọ̀wọ̀ jẹ́. Òótọ́ ni, ẹ̀rù náà sì tọ́. Kí àwọn onílé fi ẹnu ara wọn sọ ibi tí àlejò kò gbọdọ̀ dé, kí òfin sì tì wọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí UNESCO kọ ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 2023, a yọ̀, a jó. Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú tí Ṣàngó ti jọba, ṣì wà nínú igbó, orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn tí Nàìjíríà fi síwájú àjọ náà láti ọdún 1995, ó sì ń dúró dè wá.

Mo ra igbá alángbá náà, ó wà lórí tábìlì mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá ṣọdún Kérésìmesì, mo sì ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní Àdó-Àwáyè tí yóò mú un gun òkè dé etí Ìyàkẹ̀. Ti Ọ̀yọ́-Ilé, mo ní kí ó ní sùúrù, mò ń kọ̀wé sí àwọn tí ó ni ọdẹ.