Ọjọ́ Mélòó Lowó Yín Lè Fi Sùn?

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ìyànà Ọ̀fà àti Lálúpọn dáadáa á mọ̀ pé nǹkan méjì ò wọ́n wa nínú ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú: oko adìẹ, àti ẹni tó ń wá ẹni tó máa fowó sí oko adìẹ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kówó wá, èmi á máa mójú tó o, ká jọ máa pín èrè." Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oníjìbìtì. Wọ́n mọ adìẹ sìn, owó ni wọn ò ní. Ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún ni ọ̀rọ̀ mi lónìí kàn. Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òun ti ṣetán?

Torí pé mo kẹ́kọ̀ọ́ òfin, àwọn èèyàn máa ń gbé ìwé wá kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn míì kì í sì í wá àfìgbà tówó ti lọ. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ nà sí mi, bíi pé òun ló parí ẹjọ́. Èmi máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé: owó wo lẹ fẹ́ kó síbẹ̀, ìgbà wo lẹ sì máa nílò owó yẹn?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ adìẹ ẹlẹ́yin. Ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́ kan tí wọ́n kó dé lónìí, ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́. Ìyẹn ti ń sún mọ́ oṣù márùn-ún. Kò sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tí kò ní jẹun, kò sì sí ọjọ́ kan tó máa mú náírà wọlé. Àgbàdo, sóyà, àjẹsára lúkúlúkú, owó ọmọọṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ń lọ. Nígbà tó bá wá yé, ẹyin àkọ́kọ́ á kéré, oníbàárà ò sì ní san iye ẹyin ńlá lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó tí wọ́n ti ná á bẹ̀rẹ̀ sí í padà, díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé owó gbọ́mú-lé-láńtà. Ẹ gbà á lónìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í san án, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Kí adìẹ tó yé ẹyin kan ṣoṣo, ẹ ti sanwó tó ìgbà 18. Níbo lẹ ti máa rí i? Lára owó ọbẹ̀ ni, tàbí kẹ́ ẹ lọ máa dààmú ẹni tó wà lóko pé kó ta adìẹ tí kò tíì tó tà. Mi ò bú ẹni tó ń gba irú owó yẹn o. Ìyá tó ń ta tòmátò lójoojúmọ́ lè fi ṣe nǹkan gidi, torí pé òun náà ń rówó lójoojúmọ́. Adìẹ ẹlẹ́yin lòun àti ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ò lè jọ rìn. Owó àjẹṣẹ́kù sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ ní onídùúró, òun náà sì ní ìyàwó àti ọmọ nílé.

Ojú tèmi ni pé ẹni tó ní 200,000 náírà tí ilé rẹ̀ ò ní dàrú bí owó náà ò bá padà fún ọdún méjì ti ṣetán ju ẹni tó ní mílíọ̀nù méjì tó jẹ́ owó ilé-ìwé oṣù kẹsàn-án lọ. Owó tó ti ní ọjọ́ tirẹ̀, owó ọjọ́ yẹn ni. Bẹ́ẹ̀ ìgbà míì wà tí kò ní padà rárá. Lọ́dún 2006, Kaduna ni wọ́n ti kọ́kọ́ kéde àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀dù fúlù nílẹ̀ yìí, adìẹ kú rẹpẹtẹ. Nígbà ìsémọ́lé 2020, adìẹ ò kú, ẹyin ló ń jókòó lóko tí ọkọ̀ ò rìn, tí ilé-ìwé àti òtẹ́ẹ̀lì wà ní títì. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú wà lára àwọn tó pàdánù.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ CBEX ò fi tíì kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n ní kẹ́ ẹ fi dọ́là kan sílẹ̀, á di méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́! Adìẹ tí à ń rí, tó ń jẹun lójú wa, kò lè yé ẹyin lóṣù kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, owó ò jáde mọ́, inú sì bí àwọn èèyàn débi tí wọ́n ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn níbí, tí wọ́n kó àga àti ẹ̀rọ amúlétutù lọ. Àjọ EFCC fúnra rẹ̀ ló sọ pé wọ́n ní ìwé CAC. Ohun tí wọn ò ní ni ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ SEC, tó ń bójú tó àwọn tó ń gbowó ìdókòwò lọ́wọ́ aráàlú. CAC á sọ fún yín pé ilé-iṣẹ́ kan wà. Kò sọ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbowó yín. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún yẹn lè sọ ẹni tó bá dá irú gbájú-ẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀wọ̀n yẹn ò dá owó oníkálukú padà o.

Ẹ jẹ́ ká padà sóko. Bí owó bá lè sùn, ó ku ọ̀rọ̀ kan tí àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ sọ kí wọ́n má bàa dà bí ẹni tí kò fọkàn tán ẹnì kejì: ṣé ẹ yá a lówó ni, àbí ẹ jọ dòwò pọ̀? Tó bá jẹ́ ẹ yá a ni, bí adìẹ bá kú tán lónìí, ó ṣì jẹ yín lówó. Tó bá jẹ́ ẹ jọ dòwò ni, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ sin adìẹ yẹn. Kò tán síbẹ̀. Pípín èrè wà lára ẹ̀rí tí kóòtù máa ń wò láti mọ̀ pé èèyàn méjì jẹ́ alábàáṣòwò. Bí wọ́n bá sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, gbèsè oúnjẹ adìẹ tí ẹnì kejì lọ jẹ lórúkọ òwò náà lè dé ẹnu ọ̀nà yín. Mo ti rí i tí ẹnì kan ń sọ pé "mo yá a ni", tí ẹnì kejì ń sọ pé "a jọ ṣe é ni", tí àwọn méjèèjì sì ń sọ òótọ́ bó ṣe yé wọn.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí adìẹ tó dé. Ojú ewé kan tó: iye owó, irú owó tó jẹ́, ọjọ́ tó máa padà, ẹni tó máa gbé àdánù bí àrùn bá wọlé. Ẹ lè fi Yorùbá kọ ọ́. Bó bá dé kóòtù, wọ́n á túmọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú yín ò bá mọ̀wé, ẹni tó bá yín kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kó ṣàlàyé rẹ̀ kó tó tẹ̀ka, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sísàlẹ̀.