Oríkèé Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Ń Dunni: Ẹ Má Sáré Yọ Eyín

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni eyín yíyọ kì í ṣe oògùn oríkèé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ń dunni.

Ẹ fi ìka kan síwájú etí yín, kí ẹ la ẹnu, kí ẹ sì pa á dé. Ohun tí ń rìn lábẹ́ ìka yín yẹn ni oríkèé tí ó so párì mọ́ agbárí. Ohun pẹlẹbẹ kan tí ó rọ̀ wà láàárín egungun méjèèjì bí ìrọ̀rí, kí wọn má baà máa ha ara wọn.

Bí oríkèé yìí tàbí àwọn iṣan tí ń fà á bá ń ṣe àárẹ̀, iwájú etí yóò máa dun ènìyàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò máa dún bí ó ti ń jẹun, ẹnu kò sì ní fẹ́ là dáadáa. Nítorí pé ó sún mọ́ etí, ọ̀pọ̀ a rò pé etí ni, wọn a sì máa kán òróró sí i. Àwọn mìíràn a ní eyín ni. Wọn a lọ bá ayọyín ẹ̀gbẹ́ ọjà, a ó sì yọ eyín tí kò ṣe ohunkóhun. Eyín lọ, ìrora kò lọ. Eyín àgbàlagbà tí a bá sì ti yọ kì í hù mọ́.

Kí ni ó ń fa àìsàn yìí? Ó lè jẹ́ ìpayínkeke lójú oorun, ìdààmú ọkàn tí ń mú ni di eyín pọ̀, ìṣubú, tàbí ìgbájú. Fífi eyín ṣí ìgò, rírun egungun, àti jíjẹ ṣingọ́ọ̀mù láti àárọ̀ dalẹ́ kì í jẹ́ kí ó sàn.

Èrò tèmi ni pé dókítà eyín ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Ẹ má ṣe rò pé eyín yíyọ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Yóò yẹ eyín, iṣan àti oríkèé wò, yóò sì mọ èyí tí ń dunni. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kò nílò iṣẹ́ abẹ rárá. Ó lè ṣe ike kan tí a ó máa fi bo eyín sùn. Ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wà ní UCH Ìbàdàn, ní LUTH Ìdí-Àràbà, àti ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá ní owó ni òun ń rò, kí ó ṣírò iye tí ó ti ná sórí hóró oògùn ìrora láti oṣù yìí wá.

Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín àti àmàlà. Ẹ gé ẹran wẹ́wẹ́. Ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí ẹ bá ń yán, ẹ fi ọwọ́ ti àgbọ̀n lábẹ́. Bí ẹ kò bá jẹun, ẹ má jẹ́ kí eyín òkè kan ti ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá là tí ó kọ̀ tí kò padé, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú pẹ̀lú ibà, bí ẹnu bá dì pa lẹ́yìn ọgbẹ́, tàbí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń dunni tí àyà sì ń fún pọ̀, ilé ìwòsàn ni kíá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára tì í.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ tètè lọ.