Ọkọ̀ Ojú Irin Àbújá: Ta Ni Ó Ni Ín?

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Kubwa,

Bí a bá mẹ́nu kan ọkọ̀ ojú irin inú ìlú yìí ní ìpàdé, ohun kan náà ni àwọn kan máa ń sọ: "Ti ìjọba ni. Àlejò ni wá níhìn-ín, kò kàn wá." Ọ̀rọ̀ àìrònú ni, ó sì ń pa wá lára.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìtàn rẹ̀. Ní 2007 ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún CCECC, ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà. Ètò tí wọ́n ṣe tó nǹkan bí 290 kìlómítà, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà mẹ́fà. Èyí tí wọ́n rí ṣe jẹ́ nǹkan bí 45 kìlómítà, pẹ̀lú ibùdó 12. Apá kan ti àárín ìlú gba Idu lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú. Apá kejì ti Idu gba Gwagwa, Dei-Dei àti Kagini wá sí Gbazango lọ́dọ̀ wa níbí. Nàìjíríà yá 500 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Exim Bank ti Ṣáínà láti fi ṣe é. Ààrẹ Buhari ṣí i ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, 2018.

Ní 2020, àrùn Kòrónà dé, wọ́n dá ọkọ̀ dúró. Àrùn lọ, ọkọ̀ kò padà. Ó di oṣù Karùn-ún 2024 kí Ààrẹ Tinubu tó tún un ṣí. Ọkọ̀ sùn, ṣùgbọ́n gbèsè kò sùn. Blue Line ti Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tiwa, ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí tiwa ṣì wà nílẹ̀ bí òkú.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà? Àwọn olè tú irin ojú ọ̀nà, wọ́n gé wáyà. Olè kì í jẹ irin. Ẹnìkan ló ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní, ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Oníṣòwò ni mí. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ra irin àlòkù mọ irin rélùwéè yàtọ̀ sí irin bẹ́ẹ̀dì. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà láàárín wa, kí ẹgbẹ́ má ṣe bò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kò kàn yín, nínú owó orí tiyín náà ni wọn yóò ti san gbèsè yìí. Ta ni ó sì ń ti ọjà bọ̀ lálẹ́, tí ó ń wọ ọkọ̀ tí kò mọ awakọ̀ rẹ̀, tí ó ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà "one chance"? Ìyàwó wa ni, ọmọ wa ni. Ọkọ̀ tó ní ibùdó, tó ní tíkẹ́ẹ̀tì, tó sì ní àkókò ni ó lè gbà wọ́n.

N kò gbè sẹ́yìn ìjọba o. Wọ́n fi irin dé pápá ọkọ̀ òfurufú, wọn kò fi dé Nyanya àti Karu, níbi tí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ti ń jáde lóròòwúrọ̀. Ẹni mélòó nínú wa ló ń wọ bàálù? Nígbà tí wọ́n tún un ṣí ní 2024, wọ́n kéde pé ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ dára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó dé lásìkò wúlò fún oníṣòwò ju ọ̀fẹ́ lọ.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ kọ ìwé sí ọ́fíìsì Mínísítà Àbújá. Kí a béèrè pé kí ọkọ̀ máa rìn láti ìdájí títí di alẹ́. Kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ẹrù ọlọ́jà. Kí irin dé Nyanya. Kí àwa náà máa wọ̀ ọ́, kí a sì máa ṣọ́ ọ. Bí a kò bá wọ̀ ọ́, wọn yóò ní a kò fẹ́ ẹ, wọn yóò sì tún pa á tì.

Gbèsè ti di tiwa. Kí ọkọ̀ náà di tiwa.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé Ẹ̀ka